Òkun, Okùn, Okun: Ohùn Gẹ́gẹ́ Bí Ìpìlẹ̀ Èdè fún Àwọn Ará Erékùṣù Inú Ìtàn

Láàárín àwọn òǹkọ̀wé tí ń kọ ìtàn nípa ayé tí kò sí níbì kankan lórí ilẹ̀, ó ti di àṣà pé kí òǹkọ̀wé má fi iṣẹ́ rẹ̀ mọ sórí ìlú, ọba àti ogun tí ó fi ọkàn rò, bí kò ṣe kí ó dá èdè sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn inú ayé náà pẹ̀lú. Irú èdè bẹ́ẹ̀, tí ìyá kankan kò fi rẹ ọmọ lẹ́kún rí kí ẹnì kan tó jókòó hun ún láti inú orí ara rẹ̀, ni a lè pè ní èdè àtọwọ́dá. J. R. R. Tolkien, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ti ń ṣe irú èdè bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìwé rẹ̀ The Lord of the Rings tó jáde ní ọdún 1954 àti 1955, àwọn tí ó tẹ̀lé e sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tí àwọn onífíìmù ń sanwó fún: Marc Okrand ṣe èdè Klingon fún fíìmù Star Trek tí ó jáde ní 1984, Paul Frommer ṣe Na'vi fún Avatar ní 2009, David J. Peterson sì ṣe Dothraki fún eré tẹlifíṣọ̀n Game of Thrones tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Àwọn èdè wọ̀nyí ní gírámà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì ní àwọn olólùfẹ́ tí ń kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ èdè Faransé, ṣùgbọ́n etí ọmọ Yorùbá yóò tètè fura sí ohun tí kò sí nínú gbogbo wọn, nítorí pé kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí ó jẹ́ èdè olóhùn.

Èdè olóhùn ni èdè tí gíga àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn lórí sílébù, ìyẹn ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí ẹnu lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ ara ọ̀rọ̀ gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí ìtumọ̀ yóò yí padà bí ohùn bá yí padà, bí gbogbo lẹ́tà tilẹ̀ wà níbi tí wọ́n wà. Yorùbá ní ohùn mẹ́ta, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, a sì lè fi ọ̀rọ̀ àwọn olómi ṣe àpẹẹrẹ wọn. Òkun ni omi iyọ̀ tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Okùn ni ohun tí apẹja fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté. Okun ni agbára tí ó fi ń ti àjẹ̀ sínú omi láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ohun mẹ́ta tí ẹni tí ń gbé orí omi kò lè ṣe aláìní nìyí, lẹ́tà kan náà ni a sì fi kọ gbogbo wọn, síbẹ̀ ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kò ní ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dá èdè olóhùn sílẹ̀ fún àwọn ará erékùṣù tí wọ́n fi òkun ṣe ọ̀nà, ohùn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi lélẹ̀, kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ kankan lé e. Èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn tí ń dáwọ́ lé irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀; wọn a ṣe ọ̀rọ̀ parí ná, wọn a wá fọ́n àmì ohùn sí i lórí bí ẹni ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí a ti sọ̀ kalẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí irú èdè bẹ́ẹ̀ fi ń dún bí ìwé tí a kà, tí kì í dún bí ẹnu ènìyàn.

Ibi tí ó ti hàn kedere pé ohùn ni ìpìlẹ̀ ni àárín Ìbàdàn àtijọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bí 130 kìlómítà ni ìlú náà fi jìnnà sí Èkó tí òkun wà. Ní Bẹẹrẹ, ní ẹsẹ̀ òkè tí Gbọ̀ngàn Màpó ti ń wo ìlú láti ọdún 1929, níbi tí ọkọ̀ akérò, alágbàrù àti oníṣòwò ti ń du ọ̀nà lọ sí Ọjà Ọba, onílù dùndún kì í jìnnà bí ìnáwó bá ti wà ládùúgbò. Ìyáàlù a wà ní èjìká rẹ̀. Kọ̀ǹgọ́, igi tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí àgógó ẹyẹ, a wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì a sì di ọṣán mú, ìyẹn àwọn okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀. Bí ó bá fún ọṣán, awọ ojú ìlù a le, ohùn a ròkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fi ìlù pe òkun, yóò kọ́kọ́ lù ú nígbà tí ọṣán dẹ̀, yóò sì fún un díẹ̀ kí ó tó tún un lù. Bí ó bá jẹ́ okùn ni, yóò bẹ̀rẹ̀ láti àárín, yóò sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ okun, ọwọ́ òsì kò ní mira láàárín ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ fi bà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí o, kò sí k, kò sí n nínú ohun tí ìlù sọ. Ohùn nìkan ni ó kù, síbẹ̀ ìyá aláṣọ tí a ki oríkì rẹ̀ láti òdìkejì títì yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì na ọwọ́ sí àpò owó.

Ohun tí ìlù fi hàn níta gbangba ni ẹnà ń fi hàn ní ìkọ̀kọ̀. Ẹnà ni ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà da Yorùbá rú kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn má baà gbọ́ ọ, ó sì ní oríṣiríṣi. Nínú irú kan tí ó wọ́pọ̀ láàárín ọmọdé, a ó pe sílébù kan, a ó wá fi g tẹ̀ lé e pẹ̀lú fáwẹ̀lì sílébù náà. “Mo fẹ́ lọ” a di “mogo fẹ́gẹ́ lọgọ”, “ọkọ̀ dé” a sì di “ọgọ kọ̀gọ̀ dégé”. Ẹni tí ó bá tẹ́tí dáadáa yóò ṣàkíyèsí pé kì í ṣe fáwẹ̀lì nìkan ni ọmọ náà mú dání lọ sí sílébù tuntun; ó mú ohùn dání pẹ̀lú, òkè sí òkè, ìsàlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, láìsí olùkọ́ kankan tí ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹnà jẹ́ èdè àtọwọ́dá tí Yorùbá ti ní nílé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Tolkien, ó sì yẹ kí a kà á sí ọgbọ́n tí ó ga, kì í ṣe eré òṣùpá lásán.

Ẹ̀rí kan tún wà tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ìwé rẹ̀ lórí gírámà Yorùbá jáde ní 1966, wà lára àwọn tí ó tú u palẹ̀. Bí ènìyàn bá yára sọ pé òun “rí igbá”, fáwẹ̀lì i a bọ́ sọnù, ọ̀rọ̀ náà a di “rígbá”. Bí ó bá sì jẹ́ pé “ìgbá” tí a ń jẹ ni ó rí, i náà a bọ́ sọnù bákan náà, lẹ́tà tí ó kù kò sì yàtọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n etí kò ní ṣì wọ́n mú, nítorí pé nínú ti àkọ́kọ́ sílébù méjèèjì dọ́gba lókè, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú ti èkejì “gbá” kò ga tó “rí” mọ́. Fáwẹ̀lì tí ó ru ohùn ìsàlẹ̀ ti lọ, ohùn tí ó rù kò bá a lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fa ohun tí ó tẹ̀ lé e sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ipasẹ̀ ṣe ń kù lórí iyanrìn etí òkun lẹ́yìn tí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ti wọ inú ọkọ̀. Bí ohùn bá lè yè lẹ́yìn ikú fáwẹ̀lì rẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀wù tí fáwẹ̀lì wọ̀; ó ní ìwàláàyè tirẹ̀. Ó tilẹ̀ lè dá ṣe iṣẹ́ gírámà: láàárín “o lọ” àti “ó lọ”, ìyẹn láàárín ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ àti ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ohùn nìkan ni ààlà.

Àwọn tí ń gbé ẹ̀bá omi ti fi agbára tí ohùn ní láti dá dúró yìí ṣiṣẹ́ gidi. Lórí odò Congo, àwọn Lokele, tí wọ́n jẹ́ apẹja àti oníṣòwò orí omi, máa ń fi ìlù onígi ránṣẹ́ láti abúlé sí abúlé, John Carrington tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì láàárín wọn sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1949. Ó ṣàlàyé pé nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ohùn wọn dọ́gba, onílù Lokele kì í dárúkọ nǹkan ní ṣókí. Bí ó bá fẹ́ pe òṣùpá, yóò fi gbólóhùn odindi pè é gẹ́gẹ́ bí òṣùpá tí ń wo ilẹ̀ láti òkè, kí gígùn gbólóhùn náà lè mú iyèméjì kúrò. Onílù Bẹẹrẹ tí ń ki ènìyàn ní oríkì gígùn dípò orúkọ kúkúrú mọ ọgbọ́n kan náà. Òǹkọ̀wé tí àwọn ènìyàn inú ìtàn rẹ̀ ń pe ara wọn láti ọkọ̀ kan sí èkejì nínú kùrukùru gbọ́dọ̀ mọ èyí, nítorí afẹ́fẹ́ òkun a máa jẹ lẹ́tà run, ṣùgbọ́n ohùn a máa là á já.

Bí ohùn ṣe lè sọdá òkun kí ó sì di ìpìlẹ̀ èdè tuntun lórí erékùṣù, kì í ṣe ohun tí a ní láti fi ọkàn rò nìkan, nítorí pé ó ti ṣẹlẹ̀ nítòsí. Erékùṣù Bioko, tí àwọn àgbà mọ̀ sí Fernando Po, wà ní iwájú etíkun Kamẹrúùnù, ó sì jẹ́ ara orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea lónìí. Àwọn Bubi ni onílẹ̀, ṣùgbọ́n èdè kan tí ó gbilẹ̀ ní ìlú Malabo ni Pichi, tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1827, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ William Fitzwilliam Owen tẹ ìlú dó sí etíkun erékùṣù náà, àwọn ènìyàn láti Freetown ní Sierra Leone wà lára àwọn tí ó bá wọn dé, wọ́n sì mú èdè Krio wọn dání. Freetown yìí kan náà ni wọ́n ń sọ àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olókòwò ẹrú kalẹ̀ sí, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ wọ́n ní Aku, nítorí “ẹ kú” tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn bí wọ́n bá ń kíni. Àjàyí tí a mú ní Òṣogùn, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther lẹ́yìn náà, gba ọ̀nà yẹn kọjá ní 1822. Títí di òní, ẹni tí ó bá dé Freetown yóò gbọ́ komojade fún ìkọ́mọjáde, awujoh fún àsè ìdílé àti ashobi fún aṣọ ẹbí, kò sì ní nílò ògbufọ̀ fún wọn.

Kofi Yakpo, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí ó kọ odindi ìwé lórí gírámà Pichi, fi hàn pé èdè olóhùn ni, ohùn méjì ni ó sì ní, òkè àti ìsàlẹ̀. Nínú Pichi, dè tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ pé ìṣe kan ń lọ lọ́wọ́, dé tí ó ní ohùn òkè sì ń sọ pé ẹnì kan tàbí ohun kan wà níbì kan. Gó ni lílọ, gò sì ń tọ́ka sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Pijin tí àwọn awakọ̀ àti oníṣòwò ń sọ ní Ìbàdàn ti mọ dè àti dé yìí tipẹ́, bí kò tilẹ̀ rò ó rí pé ohùn ni ó yà wọ́n. Níbo wá ni ohùn ti wọ inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí kò ní in? Inú etí àwọn tí ó gbà á lò ni. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀, etí tí èdè olóhùn tọ́ dàgbà a gbọ́ ọ bí ohùn òkè, ibi tí kò bá tẹnu mọ́ a sì di ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni Bẹẹrẹ ń ṣe lójoojúmọ́ tí ó bá pe tísà, télọ̀ àti ṣúgà: òkè ní ìbẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ní ìparí. Àwọn tí a já gbà láti inú ọkọ̀ ẹrú kò ní ilẹ̀, kò ní àpò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ẹbí mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè bọ́ kúrò lára wọn ni ọ̀nà tí etí wọn ń gbà gbọ́ ọ̀rọ̀, ohun náà ni wọ́n sì fi tún èdè ẹlòmíràn ṣe di tiwọn. Ó ṣòro láti rí ìtàn àròsọ kan tí ó ju èyí lọ, òǹkọ̀wé tí ó bá sì ń ṣe èdè ará erékùṣù yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè irú etí tí àwọn baba ńlá wọn gbé wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀.

Kì í ṣe pé agbègbè wa kò ní àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn dá èdè sílẹ̀. Láàárín àwọn Ìbíbíò, ìjọ Oberi Okaime ní èdè mímọ́ kan tí a ń pè ní Medefaidrin láti nǹkan bí ọdún 1930, ó ní lẹ́tà tirẹ̀ àti nọ́ńbà tí a ń kà ní ogún-ogún, àwọn lẹ́tà náà sì wọ inú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ èdè gbogbo ayé ní 2018. Ní Ògèrè, Josiah Oshitelu tí ó dá Church of the Lord sílẹ̀ ní 1930 kọ orúkọ mímọ́ àti lẹ́tà tí ó sọ pé a fi han òun. Ní ilẹ̀ Faransé, François Sudre ti gbìyànjú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti fi àmì orin méje, do, re, mi títí dé si, hun èdè kan tí a ń pè ní Solresol, tí a lè kọ lórin tàbí fọn ní fèrè. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n orin ni Sudre ṣe, kì í ṣe ohùn. Onílù Bẹẹrẹ mọ̀ pé òkè àti ìsàlẹ̀ kì í dúró síbì kan bí àmì orin, nítorí pé òkè ẹni tí ohùn rẹ̀ nípọn lè rẹlẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ọmọdé lọ, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yóò sì yéni.

Báwo wá ni a ṣe lè fi ohùn ṣe ìpìlẹ̀? Kí a mú àpẹẹrẹ kan tí a dá fún àlàyé yìí nìkan. Kí “neku” jẹ́ ọkọ̀ tí a fi ń la òkun já, kí “sira” sì jẹ́ afẹ́fẹ́. Bí a bá pè wọ́n ní ohùn àárín gbọọrọ, wọ́n wà ní ìdúró: neku ni ọkọ̀ tí a fà gun iyanrìn, sira ni afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́. Bí ohùn bá bọ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀, ohun náà ń bọ̀ wá sílé: nékù ni ọkọ̀ tí ń bọ̀, sírà ni afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ wá sí èbúté. Bí ohùn bá gun òkè, ohun náà ń lọ: nèkú, sìrá. Nínú irú èdè bẹ́ẹ̀, “wálé” àti “lọ” kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá. Ohùn ni wọ́n, wọ́n sì lè gun orí ọ̀rọ̀ orúkọ èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ẹja, ìyàwó tàbí ìròyìn ikú. Ohun tí kò yẹ kí a ṣe ni kí a so ohùn òkè mọ́ ayọ̀, kí a sì so ìsàlẹ̀ mọ́ ìbànújẹ́, nítorí pé ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àárín, ó sì parí ní ìsàlẹ̀ lẹ́nu Yorùbá, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má yọ̀.

Èdè náà gbọ́dọ̀ ní èèwọ̀ pẹ̀lú. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀ orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì kì í fi ohùn òkè bẹ̀rẹ̀, àìsí yìí sì jẹ́ ara ohun tí ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dún bíi Yorùbá létí. Ó gbọ́dọ̀ ní ìtàn, nítorí pé ohùn a máa ní orísun: André-Georges Haudricourt fi hàn ní 1954 pé ohùn inú èdè Vietnam jáde láti ara àwọn kọ́ńsónáǹtì ìparí ọ̀rọ̀ tí ó ti kú. Bí nékù bá ti jẹ́ “nékuh” rí lẹ́nu àwọn tí ó kọ́kọ́ gúnlẹ̀, tí h náà sì kú, tí ohùn ìsàlẹ̀ sì jókòó sí ààyè rẹ̀, àwọn àgbà erékùṣù kan tí ó wà lójú ọ̀nà ìjì lè ṣì máa pe h náà, kí àwọn ọ̀dọ́ sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó bá rò pé àwọn ọlọ́kọ̀ òkun kì í sọ èdè olóhùn lè wo erékùṣù New Caledonia, níbi tí Cèmuhî, tí ó jẹ́ ọmọ ìdílé èdè tí ọkọ̀ gbé ká gbogbo òkun Pàsífíìkì, ti ní ohùn mẹ́ta. Nítòsí ilé, àwọn Ìlàjẹ ní etíkun Oǹdó, ní ìlú bí Ayétòrò tí a tẹ̀ dó ní 1947, ń fi ẹ̀ka èdè olóhùn pa ẹja láàárín ìgbì, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní fún omi tí ń kún àti omi tí ń fà yẹ kí a gbà sílẹ̀ fún ara wọn, kí á tó wá sọ ti ìtàn.

Ìwé Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ, tí ó jáde ní 2018, fi Yorùbá gan-an ṣe èdè ọfọ̀ inú ìjọba tí ó fi ọkàn rò, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rí sì ti fi ẹnu ara wọn pè é. Ohun tí ó kù ni kí ẹnì kan gbé ìgbésẹ̀ kejì, kí ó fi egungun Yorùbá, èyí tí í ṣe ohùn, ṣe èdè tí kì í ṣe Yorùbá. Nígbà tí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, àmì tí Crowther lò nínú ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ti ọdún 1852 ṣì tó o lò: ìlà tí ó gòkè fún ohùn òkè, ìlà tí ó sọ̀ kalẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀.

Kí ìwé náà tó dé ilé ìtẹ̀wé, ìdánwò kan wà tí kò náni ju owó onílù lọ. Kí òǹkọ̀wé mú nékù àti nèkú tọ onílù dùndún kan lọ ní Bẹẹrẹ láìsọ ìtumọ̀ wọn fún un, kí ó sì fi ẹnì kan tí ó ti kọ́ èdè náà sẹ́yìn ògiri. Ọwọ́ òsì onílù yóò fún ọṣán, yóò sì tú u; yóò tú u, yóò sì fún un. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni tàbí afẹ́fẹ́, títí onílù yóò fi fi gbólóhùn gígùn kan kún un bí àwọn Lokele ti ń ṣe, ṣùgbọ́n yóò ti mọ èwo ni ó ń lọ, yóò sì ti mọ èwo ni ó ń bọ̀ wálé.